Ohùn Tí Mo Bá ní Port Credit

Ohun tí mo kọ́kọ́ pàdánù nígbà tí mo dé Toronto ni ohùn mi. N kò ṣàìsàn o. N kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni. Ní Ìwó tí wọ́n gbé bí mi, bí ènìyàn bá fẹ́ lọ ra iyọ̀ ní òpópónà kejì, á kí àgbà, á kí aboyún, á kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó jókòó, á sì ròyìn bí ìyá rẹ̀ ṣe jí kó tó rí iyọ̀ rà. Ọjọ́ kejì tí mo dé Toronto, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó ti ìyá àgbàlagbà kan, mo rẹ́rìn-ín sí wọn, mo ní, “Good morning, ma. How is the family?” Ìyá náà gbá báàgì wọn mọ́ àyà, wọ́n yíjú sí fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti panu mọ́. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Vaughan ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Àpótí la máa ń tò. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ pọ̀ débi pé gbogbo wa ló ń fi nǹkan bo etí, bí ọ̀gá bá sì fẹ́ rán wa níṣẹ́, ọwọ́ ló máa fi júwe. Èmi àti àwọn ọmọbìnrin méjì kan la jọ ń gbé abẹ́ ilé tí a háyà, ṣùgbọ́n shift wa kò bára mu. Ife tí wọ́n bá fọ̀ dojú dé ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n wọlé sùn. Bó bá wá di ọjọ́ Jímọ̀ tí mo dé mọ́ṣáláṣí, tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá, ohùn mi á há. Mo ní láti húkọ́ kí sálámà tó jáde.

“Ṣé ò ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?” Màámi máa ń béèrè lórí fóònù.

“Mò ń rí, Màámi. Àwọn èèyàn ibí dáa.”

Wọ́n dáa lóòótọ́. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí ló bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ fún mi ní ibùdókọ̀ nígbà tó rí i pé ìka mi ti ń dúdú. Ṣùgbọ́n ó fún mi tán, ó sì wọ ọkọ̀ lọ, kò dúró kí n dúpẹ́ tó bó ṣe yẹ. Oore ibí kì í jókòó.

Aránṣọ ni Màámi. Àwọn náà ni wọ́n máa ń lé orin fún ẹgbẹ́ àsàlátù obìnrin àdúgbò wa. Bí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣínnì, orin ni. Bí wọ́n bá ń ṣa ìrẹsì, orin ni. Ọmọ tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ á gbà pé ilé tí wọn ò ti kọrin ń ṣàìsàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ Vaughan bà mí lẹ́rù ju òtútù lọ. Òtútù, mo ra kóòtù fún un. Kí ni mo fẹ́ rà fún ìdákẹ́jẹ́?

Ni mo bá lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà. Mo ń lọ kíláàsì bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, mo ń sùn nínú ọkọ̀ títí tí awakọ̀ fi ń jí mi ní ìparí ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo yege, Màámi dá ayẹyẹ sílẹ̀ ní Ìwó, wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní ọmọ àwọn ti di nọ́ọ̀sì. Mo ní, “Màámi, kì í ṣe nọ́ọ̀sì.” Wọ́n ní, “Ṣé wàá máa fọ ojú ọgbẹ́? Ṣé wàá máa fúnni lóògùn? Nọ́ọ̀sì ni, jàre.”

Ilé iṣẹ́ tó gbà mí fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Wọ́n ní kí n lọ sí Port Credit, létí adágún, kí n lọ máa tọ́jú ìyá kan tó ń dá gbé nínú condo, fúláàtì kan nínú ilé gíga. Orúkọ ìyá náà ni Fumi.

Mo pariwo nínú yàrá. Fúnmi! Ọmọ Yorùbá! Mo ní òyìnbó ló kọ orúkọ náà tí kò fi sí “n” láàárín rẹ̀. Mo wá rò ó pé Ìjẹ̀bú ni ìyá yìí tàbí Èkìtì, pé wọ́n ti pẹ́ níbí, pé àwa méjèèjì á jọ máa ṣe “ẹ kú ìjókòó, ẹ kú afẹ́fẹ́” títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja, mo gbé e dání.

Ìyá kékeré kan ló jókòó sórí àga nítòsí fèrèsé, irun wọn funfun báláú, ojú wọn jẹ́ ti ará Japan. Ọmọkùnrin wọn tó ṣílẹ̀kùn fún mi ní orúkọ òun ni Ken, ẹnjiníà ni òun, òun àti ìdílé òun ń gbé ní Courtice, ọ̀nà jíjìn lápá ìlà-oòrùn, ọjọ́ Sunday nìkan ni òun sì ń ráyè wá. Ó ní rọpárọsẹ̀ díẹ̀ ti kan màmá òun: ọwọ́ òsì kò lágbára, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó bọ́ sí wọn lẹ́nu. Mo ń gbọ́, mo ń mi orí, ṣùgbọ́n inú mi ti bàjẹ́. N kò mọ ohun tí n ó fi abọ́ mọ́ínmọ́ín ọwọ́ mi ṣe.

Nígbà tí Ken lọ tán, ìyá náà nàka sí abọ́ náà. “Kí… ni… yẹn?”

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ, òun náà la sì ń bá ara wa sọ títí dòní. Ṣùgbọ́n nínú orí mi, Yorùbá ni mo fi ń gbọ́ wọn. N kò lè ronú kan ìyá bẹ́ẹ̀ kí n má pè wọ́n ní “ẹ”.

Mo bù ú fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ṣíbí ha ìdí abọ́. Wọ́n wá ní, “Ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹja yìí ti pẹ́ nínú yìnyín.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá Fumi nìyẹn.

Fún oṣù bíi mélòó kan, n kò mọ nǹkankan nípa wọn ju pé wọ́n mọ ẹja, wọn kì í sì í sọ inú wọn fún èèyàn. Nígbà tí Ramadan dé, wọ́n rí i pé n kì í mu omi. Mo ṣàlàyé ààwẹ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe fẹ́ gbé oúnjẹ alẹ́ fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún ti abọ́ náà sẹ́yìn, wọ́n júwe oòrùn tó ń wọ̀ lórí adágún. A jọ jókòó, a ń wò ó. Nígbà tó wọ̀ tán, wọ́n ní, “Ó yá.” Bí wọ́n ṣe ń ṣe títí ààwẹ̀ fi parí nìyẹn, wọn kì í jẹun kí n tó ṣínu. Ìyá tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìmáàmù àti ladánì! Mo sọ fún Màámi, Màámi ní, “Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyá yẹn rí ìdààmú.”

Inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ Japan ni mo ti mọ ẹni tí mo ń tọ́jú. Mo di apá wọn mú níwájú ibi ẹja. Bàbá arúgbó kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bojú wò wọ́n, ó tún wò wọ́n, agbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sì já bọ́, àlùbọ́sà yí káàkiri ilẹ̀. Mo rò pé àìsàn ló kọlù ú. Ó ń sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá Fumi ń mi orí pé rárá, rárá, kì í ṣe àwọn. Bàbá náà, tí mo wá mọ̀ sí Bàbá Mori, yíjú sí mi.

“Ọmọ mi, ṣé o mọ ẹni tí o dì lọ́wọ́ mú?”

“Màmá Fumi ni, sà.”

“Gbogbo Japan ló mọ̀ wọ́n! Kò sí ilé tí wọn ò ti kọ orin wọn. Ìyá mi máa ń kọ ọ́ nínú oko ìrẹsì. A rò pé wọ́n ti kú.”

A dé ilé, Màmá Fumi jókòó ti fèrèsé, wọn kò bọ́ kóòtù. Mo ní, “Màmá, ṣé òótọ́ ni?” Wọ́n ní, “Ó ti pẹ́.”

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Tí ojú ọjọ́ bá dára, mo máa ń tì wọ́n lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lọ sí etí omi níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń sinmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn kan lónìí, méjì lọ́la. Èmi ni mo so ó pọ̀ báyìí.

Abúlé apẹja ni wọ́n ti bí wọn, ní àríwá Japan, níbi tí yìnyín ti ń ga ju ọmọdé lọ. Òkun gbé bàbá wọn lọ nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ìyá wọn ń sá ẹja sórí okùn fún àwọn olówò, Fumi sì ń bá a ṣe é. Ọwọ́ àwọn méjèèjì á kú pátápátá nínú òtútù, Fumi á wá máa kọrin kí ọwọ́ lè máa yá. Àwọn apẹja á dúró gbọ́. Ọjọ́ kan, wọ́n mú un lọ síbi ìdíje orin ní ìlú tó wà nítòsí, ọ̀gá kan tó ń kọ orin sílẹ̀ fún àwọn olórin sì gbọ́ ọ níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mú ọmọ náà lọ sí Tokyo. Ìyá rẹ̀ di ẹja gbígbẹ fún un, ó ní, “Má wẹ̀yìn. Bí o bá wẹ̀yìn, n ó pè ọ́ padà.”

Ilé ọ̀gá yẹn ló gbé gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Ó ń nu ilẹ̀, ó ń gbé báàgì, ó ń fọ ìbọ̀sẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó kọrin rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ. Nígbà tí wọ́n gbà á láyè, abẹ́ afárá ni ọ̀gá mú un lọ, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá, ó ní kó kọrin títí òun yóò fi gbọ́ ọ ní òdìkejì odò. Ọdún gorí ọdún. Rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tó ṣe, kò sẹ́ni tó rà á. Ó ń dúró lórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọrin fún àwọn tó ń kọjá lọ. Ó ń kọ ọ́ fún àwọn ọ̀mùtí.

Lẹ́yìn náà ni orin àtùpà dé. Orin obìnrin kan ni, tó ń tan àtùpà létí òkun ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, nítorí ọkọ̀ tí kò padà mọ́. Ọ̀gá ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n Fumi ló mọ obìnrin náà. Nígbà tó kọ ọ́ lórí rédíò, ó dà bíi pé odò ya bo gbogbo ìlú. Àwọn awakọ̀ ń kọ ọ́, àwọn ọmọléèwé ń kọ ọ́. Ó wọ tẹlifíṣọ̀n. Ní gbogbo ìparí ọdún, tí ìdílé bá jókòó yí iná ká, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ráyè sùn nínú ilé náà rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn tí wọ́n fi dákẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n tún máa sọ, omi ni wọ́n tẹjú mọ́.

“Mo wà ní ìlú òkèèrè, mo fẹ́ kọrin. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n tẹ̀ wá láago láti abúlé pé màmá mi ti kú. Ọkùnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló gbé fóònù. Kò sọ fún mi. Ó jẹ́ kí n kọ orin náà tán ná. Mo kọ ọ́ dáadáa. Àwọn èèyàn sunkún. Èmi nìkan ni kò mọ̀ pé ó yẹ kí n sunkún.”

Mo di ọwọ́ òsì wọn tí kò lágbára yẹn mú.

Wọ́n parí àdéhùn tí wọ́n ti ṣe, wọ́n sì fi orí ìtàgé sílẹ̀. Wọ́n pàdé ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, ará Japan tí wọ́n bí sí Canada, tí kò mọ orin kan yàtọ̀ sí òmíràn. Wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n bá a wá sí Toronto. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ken sí. “Mo sọ fún Ken pé mo kọrin díẹ̀ rí,” ni wọ́n wí. “Tí mo bá bá a sọ èdè wa, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Kí ni n ó kọ orin fún un sí? Ọmọ mi kò gbọ́ orin mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Ní mọ́ṣáláṣí wa, mo máa ń gbọ́ tí ìyá kan á ní, “Gbé bàtà rẹ, ká máa lọ,” ọmọ á ní, “Mom, I'm coming.” A máa ń rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ti Màmá Fumi ni mo mọ̀ pé nǹkan lè sọnù láàárín ìyá àti ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an, láìsí ìjà, láìsí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ilé tí mo fi sílẹ̀ wà lórí máàpù, bí mo bá ní ìwé ìrìnnà mo lè wọ ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tó jẹ́ ohùn nìkan. Etí tó mọ̀ ọ́n ni ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Màámi pè mí níbi tí mo ti ń ká aṣọ. Mo gbé wọn sórí sípíkà. Màmá Fumi wà ní yàrá kejì, wọ́n ń kùn orin lábẹ́lẹ̀, ohun tí wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ohùn náà ti ń gbó, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n, ó ń lọ́, ó ń gun òkè díẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀.

“Dúró,” ni Màámi wí. “Ta ló ń ké Kùránì yẹn?”

“Kùránì kọ́, Màámi. Màmá Fumi ni. Orin Japan ni.”

“Gbé mi sún mọ́ wọn.”

Mo gbé fóònù lọ. Màmá Fumi fẹ́ dákẹ́, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ìyá mi ló ń gbọ́. Wọ́n wo fóònù náà pẹ́. Wọ́n wá kọ ẹsẹ kan tán. Ní Ìwó, n kò gbọ́ ìró kankan, àfi àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kan.

“Ẹni yìí pàdánù ẹnìkan,” ni Màámi wí.

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Ṣé mi ò létí ni?” Wọ́n tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, wọ́n gbé ọ̀kan nínú orin àsàlátù tí àwọn fúnra wọn dá:

*Ọba tó dá òru tó dá ọ̀sán,
má fi wá sílẹ̀ láàárín méjèèjì.*

Màmá Fumi di ojú. Nígbà tí Màámi parí, wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ ìyá mi kí wọ́n tún un kọ. Láti ọjọ́ náà, bí Màámi bá ti pè, wọn kì í béèrè mọ́ bóyá mo rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, “Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?”

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Mori wá. Ó ní àwọn àgbà Japan tó wà ní Toronto fẹ́ ṣe ọjọ́ kan fún Màmá Fumi. Kí wọ́n kàn wá jókòó, kí àwọn èèyàn rí wọn. Bí wọ́n bá lè kọ orin àtùpà, ẹsẹ kan péré, àwọn á dúpẹ́. Màmá Fumi ní, “N ó kọ ọ́.” Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Ken gbọ́, ó fò sókè. Ó dúró sí ilé ìdáná, ó bá mi sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́.

“Màmá mi kò lè sọ gbólóhùn kan já. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dúró níwájú èèyàn kí ojú tì wọ́n? Tí rọpárọsẹ̀ náà bá tún padà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbà wọ́n níyànjú.”

Ẹ̀rù bà mí. Bó bá pe ilé iṣẹ́ mi, iṣẹ́ lè bọ́, ìwé ìgbélùú mi sì ń bẹ lọ́wọ́ ìjọba tí wọn kò tíì parí. Mo lè ní, “Ẹ má bínú, sà,” kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí gbólóhùn yẹn: ọmọ mi kò gbọ́ orin mi.

“Ọ̀gbẹ́ni Ken,” ni mo wí, “dókítà ti ní ara wọn gbé e. Mo ti béèrè. Ẹ̀yin, ṣé ẹ ti gbọ́ orin wọn rí?”

“Mi ò gbọ́ èdè yẹn dáadáa.”

“Èmi náà kò gbọ́ ọ. Màmá mi ní Ìwó kò gbọ́ ọ. Ẹ ṣáà wá jókòó.”

Ken mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Mo wà pẹ̀lú ìpayà fún ọjọ́ púpọ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ náà pé. Màmá Fumi kọ́ mi bí mo ṣe máa wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn fún wọn, aṣọ aláwọ̀ omi òkun tí wọ́n ti ká pamọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́. Ọ̀já gbọọrọ kan wà tí wọ́n máa ń dì mọ́ ìdí. Mo dì í bí ẹni tó ń pọn ọmọ, wọ́n ní ó ti le jù, mo tú u, wọ́n ní ó ti dẹ̀, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n wo dígí, ẹ̀rín sì kúrò lójú wọn. Mo rí i bí wọ́n ṣe na ọrùn. Ẹni tí mo ń fọ irun fún láràárọ̀ kọ́ ló wà nínú dígí yẹn mọ́.

Gbọ̀ngàn kún fún orí funfun. Mo wá Ken káàkiri, n kò rí i. Ìyá kan jókòó sídìí dùùrù. Màmá Fumi dìde lórí kẹ̀kẹ́ wọn, mo dúró lẹ́yìn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè gbá wọn mú bí wọ́n bá ṣubú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ jáde dáadáa, ọ̀rọ̀ kò há rárá, bí ẹni pé orin ní ọ̀nà tirẹ̀ tí àìsàn kò mọ̀. Ní ìlà kẹta, níbi tí orin ti gun òkè, ohùn náà fọ́. Ó dákẹ́ pátápátá. Dùùrù dúró. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ojú wọn, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, yáà Allah, má dójú tì wọ́n, èmi ni mo fà á.

Màmá Fumi yíjú sí onídùùrù. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, wọ́n fi ọwọ́ júwe ilẹ̀: gbé e wálẹ̀. Wọ́n jókòó padà sórí kẹ̀kẹ́ wọn láìyára, wọ́n tún aṣọ orúnkún wọn ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ tó fẹ́ sùn. Ohùn ọmọbìnrin orí tẹlifíṣọ̀n kọ́ nìyẹn mọ́; ohùn obìnrin tó ń tan àtùpà gan-an ni. Wọ́n kọ ọ́ tán, gbogbo ẹsẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo gbọ̀ngàn dìde.

Ìgbà náà ni mo rí Ken. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Òun ló wa ọkọ̀ gbé wa padà. Èmi jókòó lẹ́yìn. Ọ̀sán kò tíì lọ tán, adágún ń dán lápá òsì wa. Bó ṣe ń wakọ̀, ó béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, “Mum, kí ni orin yẹn ń sọ?”

Màmá Fumi ronú. Wọ́n ní, “Obìnrin kan wà.” Wọ́n sinmi. “Létí òkun.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún un, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, Gẹ̀ẹ́sì wọn ń kọsẹ̀, ó ń dìde. Nígbà tí wọ́n dé ibi àtùpà, Ken yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pa ọkọ̀. Ó ní, “Ìyá yín nìyẹn?” Wọ́n ní, “Ìyá mi ni.” Mo wo fèrèsé ní tèmi. Ohun tó wà láàárín wọn kì í ṣe èyí tó yẹ kí n máa wò.

Alhamdulillah, púpọ̀ nínú ohun tí mo ń dúró dè ti dé báyìí. Ìwé ìgbélùú mi ti jáde. Mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tòótọ́, Màámi sì ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ken máa ń wá láàárín ọ̀sẹ̀ nísinsìnyí, ó ń mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání, ọmọ náà sì ti mọ ẹsẹ àkọ́kọ́ orin ìyá àgbà rẹ̀ sórí. Èmi náà ṣì ń lọ sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo Saturday, ilé iṣẹ́ kò rán mi mọ́; mo kàn ń lọ ni.

Bí mo ṣe ń tẹ́tí sí Màmá Fumi létí omi yẹn ni mo ti pinnu pé n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fóònù tèmi, kó fi ọ̀rọ̀ Màámi pamọ́ fún mi. Mo béèrè fún físà fún Màámi. Wọ́n kọ̀. Mo tún béèrè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Màámi sọ̀kalẹ̀ ní Toronto nínú bùbá tí wọ́n rán fúnra wọn, wọ́n sì ń kí gbogbo ènìyàn ní pápákọ̀ òfurufú, ẹni tó ń tì kẹ̀kẹ́, ẹni tó ń nu ilẹ̀, ọlọ́pàá. Ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo wọn ló dáhùn.

Ọjọ́ kẹta, mo mú wọn lọ sí Port Credit. Ken ti wà níbẹ̀. Màmá Fumi ti múra, wọ́n dúró ti ọ̀pá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá méjèèjì wo ara wọn.

“Bi wọ́n léèrè,” ni Màámi wí fún mi wúyẹ́wúyẹ́, “ta lẹ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì?”

Kí n tó lanu, Màmá Fumi ti tẹrí ba, ẹ̀yìn wọn tẹ̀ kodoro. Màámi ní, “Háà, rárá o! Àgbà kì í forí balẹ̀ fún ọmọdé!” Wọ́n sì kúnlẹ̀. Màmá Fumi rí i pé wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n di ògiri mú, àwọn náà ń lọ sílẹ̀. Mo pariwo, Ken pariwo, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, iwájú orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ọ̀kan ń sọ Yorùbá, èkejì ń sọ èdè Japan, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kò sì sí èyí tó gbà láti kọ́kọ́ dìde. Nígbà tó yá, Ken wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ gbé ìyá tirẹ̀ dìde, mo bẹ̀rẹ̀ gbé tèmi.